Fíìmù Olóògùn Lójú Alámèyítọ́ àti Lójú Òǹwòran

Ìfáárà

Nínú gbogbo ìsọ̀rí fíìmù Yorùbá, kò sí èyí tí ó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ bí fíìmù olóògùn. Eré tí àjẹ́, babaláwo, oníṣègùn àti iwin ti ń bá ara wọn figagbága, tí ọfọ̀ ń dún, tí ènìyàn ń pòórá lójú agbo, ni àwọn òǹwòran ń fún ní orúkọ yìí. Bí ènìyàn bá dé ìlú bí Ìmọ̀tà ní ẹkùn Ìkòròdú, tí ó sì bi àwọn tí wọ́n ti lé ní ogójì ọdún léèrè fíìmù tí wọn kò lè gbàgbé, ó ṣòro kí wọ́n má dárúkọ Ògúndé, Àgbákò tàbí Fádèyí Olóró. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ wọ iyàrá àwọn olùkọ́, àfàìmọ̀ ni ẹnìkan kò ní ṣe yẹ̀yẹ́, kí ó ní ohun tí ó ń ba orúkọ Yorùbá jẹ́ ni wọ́n ń bèèrè.

Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ojú tín-ínrín tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń wo fíìmù wọ̀nyí ti pọ̀ jù, àti pé ẹ̀sùn tí wọ́n ń kà sí wọn lọ́rùn lọ́pọ̀ ìgbà kọ́ ni èyí tí ó tọ́ sí wọn. Oògùn kọ́ ni àléébù wọn. Wọ́n ní àléébù, ó sì wúwo, ṣùgbọ́n ibi tí ó wà kọ́ ni wọ́n ń wá a sí.

Ògúndé àti ẹ̀rọ ayàwòrán

Hubert Ògúndé, ọmọ Ọ̀ṣọ́ṣà lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, ni baba ìsọ̀rí yìí. Wọ́n bí i ní 1916. Olùkọ́ ni kí ó tó wọṣẹ́ ọlọ́pàá, àárín àwọn ọdún 1940 ni ó sì dá ẹgbẹ́ òṣèré tirẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ó fi máa gbé Aiyé jáde ní fíìmù ní 1979, tí Ọlá Balógun sì darí rẹ̀, ó ti lo ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìtàgé. Jáiyésinmi, Àròpin N'tènìà àti Àyànmọ́ tẹ̀ lé e kí ó tó di pé ó jáde láyé ní 1990.

Lórí ìtàgé, bí àjẹ́ bá máa pòórá, iná ni wọ́n ń pa tàbí kí wọ́n ta aṣọ. Ẹ̀rọ ayàwòrán mú ọ̀nà mìíràn wá: wọ́n á dá ẹ̀rọ náà dúró, òṣèré á kúrò lójú ibẹ̀, wọ́n á sì tún un tàn. Lójú òǹwòran, ènìyàn ti di afẹ́fẹ́. Ọgbọ́n kan náà ni Georges Méliès lò ní ilẹ̀ Faransé ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí àwọn onímọ̀ sinimá káàkiri àgbáyé fi ń kan sáárá sí i títí di òní. Ó yani lẹ́nu pé ohun tí wọ́n ń pè ní ìmọ̀ lọ́wọ́ Faransé ni wọ́n ń pè ní àìlajú lọ́wọ́ ọmọ Ọ̀ṣọ́ṣà.

Nígbà náà, àwọn tí wọ́n ṣe fíìmù ni wọ́n máa ń gbé e kiri fúnra wọn láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń háyà gbọ̀ngàn, tí wọ́n sì ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rù àwọn olè ń bà wọ́n, ẹ̀rù náà sì tọ́. Wọ́n jí Ọ̀run Móoru tí Moses Ọláìyá (Bàbá Sàlá) gbé jáde ní 1982 dà kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì tà á kiri, gbèsè ńlá sì ni ó kó ọkùnrin náà sí. Nítorí irú èyí, ọ̀pọ̀ fíìmù ìgbà náà kò dé ọjà bí fíìmù àgbéléwò ti ń dé e. Àwọn ọ̀dọ́ gbọ́ orúkọ wọn lẹ́nu òbí ju bí wọ́n ti fojú rí wọn lọ.

Ọfọ̀ ni ìjà

Ẹ̀sùn àkọ́kọ́ tí àwọn alámèyítọ́ fi kan fíìmù wọ̀nyí ni pé ìtàgé lásán ni wọ́n yà sínú àwòrán: òṣèré á dúró gbagidi, ẹ̀rọ á dúró níwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì gùn bí ọjọ́. Bí eléyìí bá jẹ́ òtítọ́ nípa ìran ilé ẹjọ́ àti ìran ìfẹ́, kì í ṣe òtítọ́ nípa ìran ọfọ̀. Nínú fíìmù Amẹ́ríkà, ìbọn ni akọni fi ń jà. Ẹni tí ó bá gé ìró ìbọn kúrò ti gé ìjà kúrò. Nínú fíìmù olóògùn, ọ̀rọ̀ ni ohun ìjà.

Kí olùkọ́ èdè wo bí ọfọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Olófọ̀ á pe orúkọ ìkọ̀kọ̀ ohun tí ó fẹ́ lò, á sọ ohun kan tí kì í yẹ̀ nípa ìṣẹ̀dá ewé, ẹranko tàbí omi, lẹ́yìn náà ni yóò wá fi ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ so mọ́ ọn, pé bí tibí kò ti lè yẹ̀ ni tọ̀hún náà kò ní yẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé ìró orúkọ ewé náà ni ó bí ọ̀rọ̀-ìṣe tí agbára wà nínú rẹ̀. Àwítúnwí, ìfọ̀rọ̀dárà àti ìfohùndárà tí akẹ́kọ̀ọ́ ń há sórí láìmọ ohun tí wọ́n wúlò fún wà níbẹ̀ láàyè, ẹ̀mí ènìyàn sì rọ̀ mọ́ wọn nínú ìtàn. Nígbà tí alátakò bá fèsì, ó gbọ́dọ̀ wá ohun tí ó ṣẹ́gun ohun tí ẹni àkọ́kọ́ dárúkọ. Àríyànjiyàn onílàákàyè ni.

Àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n pè ń lọ. Òjó Arówóṣafẹ́, Fádèyí Olóró, kú ní 2023. Charles Olúmọ, Àgbákò, kú ní 2024. Ọ̀pọ̀ ọmọ iléèwé ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ kò ní gbọ́ kí a pe ọfọ̀ tààrà láyé wọn bí kò ṣe nínú fíìmù. Kì í kúkú ṣe pé gbogbo ohun tí òṣèré ń pè ni ọfọ̀ gidi, kò sì yẹ kí ó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Ìjẹ̀bú àti Ìkòròdú, tí wọ́n mọ Agẹmọ àti Orò, kò jẹ́ ṣi eré mú fún awo. Ṣùgbọ́n ìhun rẹ̀ wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ọ.

Ó wá yẹ kí á sọ òtítọ́ nípa apá kejì. Púpọ̀ nínú fíìmù àgbéléwò olóògùn tí wọ́n fi ìkánjú ṣe kò ní ọfọ̀ nínú rárá. Igbe ni wọ́n ń ké. Òṣèré á fẹjú, mànàmáná tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà yà á jáde lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni kejì á ṣubú, kò sì sí ẹni tí ó mọ ìdí tí agbára ti ẹni àkọ́kọ́ fi ju ti ẹni kejì lọ. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n kó èérí bá ìsọ̀rí náà.

Òfin àti gbèsè

Ohun tí ó yẹ kí wọ́n fi dá èyí tí ó dára mọ̀ ni bóyá agbára inú rẹ̀ ní òfin, àti bóyá ó ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí ó lò ó. Thunderbolt: Mágùn tí Túndé Kèlání darí ní 2001 láti inú ìtàn Adébáyọ̀ Fálétí jẹ́ àpẹẹrẹ kan. Yínká, ọmọ Yorùbá, fura sí ìyàwó rẹ̀ Ngozi, ọmọ Ìgbò, ó sì fi mágùn sí i lára. Àwọn kan bínú pé olùdarí ńlá bí Kèlání gbé mágùn kalẹ̀ bí ohun tí ó wà lóòótọ́, àní níwájú dókítà. Ìbínú wọn kò ríran jìnnà. Ìfura ọkọ ni àrùn inú fíìmù náà. Mágùn kàn jẹ́ kí òǹwòran fojú rí i ni. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀, bóyá ìdí nìyí tí àwọn olùkọ́ Yorùbá fi ń fò ó dá.

Nínú The Figurine (Aràrọmirẹ), tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde ní 2009, òrìṣà fún àwọn ọ̀rẹ́ méjì ní oríire ọdún méje, ọdún méje òfò sì tẹ̀ lé e. Fíìmù náà kọ̀ láti sọ bóyá òrìṣà ni ó ṣe é tàbí ìlara ènìyàn, ó sì ṣeé kà ní ọ̀nà méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nínú Àníkúlápó rẹ̀ tí ó jáde ní 2022, Sàró gba agbára àjíǹde lára ẹyẹ àkàlàmàgbò, àti láti ọjọ́ tí ó ti rí agbára náà gbà ni ìgbéraga ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ run. Nígbà tí ó béèrè ọmọbìnrin ọba gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́, Arọ́lákẹ́ tí ó bá a jìyà ti da agbára inú igbá nù. Àwọn òǹwòran kan ní òpin rẹ̀ korò jù. Irú ìkorò bẹ́ẹ̀ sì ni ti àlọ́ àwọn àgbà, níbi tí ẹni tí ó bá tẹ èèwọ̀ mọ́lẹ̀ kì í lọ láìfarapa.

Níhìn-ín ni ẹ̀sùn kejì ti wọlé. Ní oṣù karùn-ún 2024, àjọ tí ń ṣàyẹ̀wò fíìmù ní Nàìjíríà kéde ìlànà lòdì sí fíìmù tí ó bá ń gbé oògùn owó lárugẹ. Ẹ̀rù tí ó ń ba ìjọba kì í ṣe ẹ̀rù òfo. Fíìmù tí ó fi wákàtí kan àti ààbọ̀ ṣe àfihàn mọ́tò àti ilé aláruru, tí ó wá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ó kẹ́yìn pa olóògùn owó, mọ́tò ni ó ti kọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n Aiyé kì í ṣe irú rẹ̀, kò sì yẹ kí wọ́n fi okùn kan ṣoṣo dì wọ́n. Ní Amẹ́ríkà, àwọn alámèyítọ́ kan fi Night of the Living Dead bú nígbà tí ó jáde ní 1968. Ní 1999 ni ibi ìkówèépamọ́ ìjọba àpapọ̀ wọn kà á mọ́ àwọn fíìmù tí kò gbọdọ̀ parun.

Ìyá arúgbó inú fíìmù

Àléébù tí ó wúwo náà nìyí: ta ni wọ́n ń pè ní àjẹ́? Obìnrin ni. Arúgbó ni, tálákà ni lọ́pọ̀ ìgbà, tàbí ìyálé tí kò bímọ, tàbí ìyá ọkọ. Margaret Bándélé Ọláyínká, Ìyá Gbonkan, kó ipa àjẹ́ dáadáa nínú Kòtò Ọ̀run tí Yẹkíní Àjílẹ́yẹ ṣe dé ibi pé ojú rẹ̀ nìkan ti tó kí ọmọdé sá. Ẹ̀bùn òṣèré ni èyí, kò sì lẹ́bi. Ẹ̀bi wà lọ́rùn àwọn tí wọ́n sọ hunhunjọ ojú àgbà di ẹ̀rí ìwà ìkà, tí òǹwòran kò fi nílò ẹ̀rí mìíràn mọ́. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ìyá arúgbó tí wọ́n bá fẹ̀sùn àjẹ́ kàn ní àdúgbò, lílù àti lílé kúrò nílé, kì í ṣe eré.

Orúkọ tí Ògúndé jẹ́ nínú Aiyé ni Ọ̀ṣẹ́túrá. Ẹni tí ó bá mọ Ifá mọ ìtàn Odù yẹn: àwọn irúnmọlẹ̀ ọkùnrin kó ara wọn jọ láti tún ayé ṣe, wọ́n fi Ọ̀ṣun sílẹ̀ nítorí pé obìnrin ni, gbogbo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé sì dojú rú. Ìgbà tí wọ́n padà lọ bẹ̀ ẹ́, tí ó sì bí Ọ̀ṣẹ́túrá, ni ayé tó gún. Nínú Odù, ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n fi tẹ́ agbára obìnrin lọ́rùn. Nínú fíìmù, ìjà ni Ọ̀ṣẹ́túrá dojú rẹ̀ kọ ọ́. Àlàfo tí ó wà láàárín méjèèjì tóbi, kò sì yẹ kí olùkọ́ fi í sílẹ̀ láìtọ́ka sí i.

Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tí wọ́n bá rán lọ ṣe ìdánrawò ní Ìmọ̀tà, Agbówà tàbí Ìtòìkín lè lo ìran kan ṣoṣo, tí kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ tọ́ka sí ìpè, òtítọ́ tí kì í yẹ̀ àti ìfẹ́ ọkàn inú ọfọ̀ náà. Kí ó wá dá fíìmù dúró lójú ìyá arúgbó, kí ó sì ní kí wọ́n kọ ìdáhùn sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀: ta ni ó kọ́kọ́ pe obìnrin yìí ní àjẹ́ nínú ìtàn, kí sì ni onítọ̀hún fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀?