Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́: Bí Update Bá Da Kọ̀ǹpútà Rẹ Rú

Àbúrò mi, jókòó ká sọ̀rọ̀. Bí o bá tan láptọ́ọ̀pù rẹ láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí update tó ṣe mọ́jú ti da orí rẹ̀ rú, tó ń yí róbótó lójú kan tàbí tó gbé ojú búlúù kò ọ́, má tíì sunkún, má sì tíì pe ẹnikẹ́ni. Pàápàá jù lọ, má tíì pe ọmọkùnrin àdúgbò yẹn tó gbọ́ kọ̀ǹpútà díẹ̀díẹ̀. Mo mọ ohun tó máa sọ. Á wò ó fún ìṣẹ́jú méjì, á mi orí, á ní, "Sìstá, àfi ká fọ́máàtì rẹ̀ o." Ẹ̀rọ náà á sì tàn lóòótọ́. Àmọ́ ìwọ̀n gbogbo oníbàárà tó ń ránṣọ lọ́dọ̀ rẹ, àwòrán ìkómọjáde ọmọ rẹ, àti iṣẹ́ àṣekágbá tí àbúrò rẹ ń kọ lọ́wọ́ ní yunifásítì, gbogbo rẹ̀ á ti lọ.

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Update tó bàjẹ́ kì í sábà fọwọ́ kan fáìlì rẹ. Windows ni kò lè dìde. Ohun tí o kọ àti ohun tí o yà ṣì wà níbi tí o fi wọ́n sí. Ẹni tó ń kánjú tún un ṣe ló sábà máa ń pa wọ́n rẹ́.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ọwọ́ rẹ ló bà á jẹ́. Àwọn tó ni iṣẹ́ náà gan-an máa ń kọsẹ̀. Lóṣù kẹwàá ọdún 2018, Microsoft gbé update ńlá kan jáde fún Windows 10, ó sì pa fáìlì àwọn kan rẹ́ nínú Documents àti Pictures wọn. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi dá a dúró, oṣù kọkànlá ni wọ́n tó tún un gbé jáde. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kì í sábà ṣẹlẹ̀. N kò ní kì í ṣẹlẹ̀ rárá.

Èyí tí gbogbo ayé gbọ́ ni ti ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 2024. Ti Windows fúnra rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Update kékeré kan láti ọ̀dọ̀ CrowdStrike, iléeṣẹ́ tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà àwọn iléeṣẹ́ ńlá, ló da nǹkan bíi mílíọ̀nù 8.5 kọ̀ǹpútà Windows rú. Bàlúù ò lè gbéra, báńkì dákẹ́, ilé ìwòsàn padà sí bírò àti ìwé. Kò pé wákàtí kan àtààbọ̀ tí iléeṣẹ́ náà fi fa update ọ̀hún padà, àmọ́ ẹ̀rọ tó bá ti gbé e mì kò lè tàn mọ́. Báwo ni wọ́n ṣe wá tún wọn ṣe? Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ṣe ni èèyàn lọ bá wọn níbi tí wọ́n wà, tó wọ Safe Mode (ipò tí Windows ti ń fi ìwọ̀nba nǹkan díẹ̀ tàn), tó pa fáìlì kan ṣoṣo rẹ́, tó sì tún ẹ̀rọ tàn. Wọn ò fọ́máàtì mílíọ̀nù mẹ́jọ kọ̀ǹpútà. Kí ló dé tí wọ́n á fi fọ́máàtì tìrẹ kan ṣoṣo?

Ó dáa, ká bọ́ sórí iṣẹ́. Kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ti kú lóòótọ́ àbí ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Bó bá dúró sí ìdá 30 nínú 100, tó ní kí o má pa òun, ki ṣájà bọ̀ ọ́, kí o sì fi í sílẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń lo hard disk ayé àtijọ́ lè wà níbẹ̀ fún wákàtí méjì, mẹ́ta. Iná kékeré tó máa ń ṣẹ́jú lára rẹ̀ ni kí o máa wò. Tó bá ṣì ń ṣẹ́jú, iṣẹ́ ń lọ. Lọ se oúnjẹ. Lọ́dọ̀ tiwa, iná tó ń lọ láìdágbére ló ń ba ọ̀pọ̀ update jẹ́, nítorí bátìrì ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù wa ti gbó, kò lè gbé e pẹ́. Bí NEPA bá mú iná lọ nígbà tí update ń lọ lọ́wọ́, sáré tan jẹnẹrétọ̀. Kí ẹni tó fẹ́ pariwo pé epo ti wọ́n máa pariwo lọ.

Tí ilẹ̀ bá wá mọ́ tí kò sí àyípadà, yọ gbogbo ohun tí o kì bọ̀ ọ́ lára: fláàṣì, okùn printer, módẹ́ẹ̀mù. Windows ní ibì kan tó kó ohun ìtúnṣe pa mọ́ sí, kì í sì í ṣí i fúnra rẹ̀ àfi tó bá rí i pé òun ti kùnà léraléra láti tàn. Bí o ṣe máa débẹ̀ nìyí. Tan ẹ̀rọ náà. Bí àmì HP tàbí Dell tàbí Lenovo bá ti yọ, tí róbótó yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í yí, di bọ́tìnnì tí a fi ń tàn án mú pinpin títí á fi kú. Tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà kẹta, fi í sílẹ̀ kó máa lọ. Á kọ ọ́ síta pé òun ń pèsè Automatic Repair. Mo mọ̀ pé wọ́n ti kìlọ̀ fún ọ pé a kì í pa kọ̀ǹpútà báyẹn. Òótọ́ ni. Irú ọjọ́ yìí nìkan la gbà á láàyè.

Ojú búlúù mìíràn á jáde, èyí tó ní bọ́tìnnì lára. Tẹ Advanced options, tẹ Troubleshoot, tún tẹ Advanced options, wàá sì rí Uninstall Updates. Ohun méjì ló wà nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n pè ní quality update ni àwọn kéékèèké tó ń wọlé lóṣooṣù. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù ni Microsoft máa ń kó wọn jáde, nítorí náà bí ẹ̀rọ rẹ bá dùbúlẹ̀ lọ́jọ́rú tàbí lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, o ti mọ ẹni tí wàá bi. Ìyẹn ni kí o kọ́kọ́ yọ. Feature update ni ti ńlá, tó ń pa gbogbo Windows dà, ọjọ́ mẹ́wàá péré ni wọ́n sì máa ń fún ọ láti yí i padà kí ọ̀nà tó dí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibí yìí ni wàhálà máa parí sí.

Tí kò bá parí, System Restore wà níbẹ̀: á dá Windows padà sí bó ṣe rí lọ́jọ́ kan sẹ́yìn, kò sì ní fọwọ́ kan ìwé rẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ohun èlò tí o bá gbé sórí ẹ̀rọ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn á lọ. Startup Repair náà wà, n kò kàn fi bẹ́ẹ̀ fọkàn tán an.

Nígbà mìíràn, bí o bá débẹ̀, ẹ̀rọ náà á ní kí o mú BitLocker recovery key wá. Ibí ni ẹkún ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà 48 ni. Lórí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tuntun, lọ́jọ́ tí o kọ́kọ́ fi ímeèlì Microsoft wọlé ni ẹ̀rọ náà ti rọra fi kọ́kọ́rọ́ yìí ti ara rẹ̀ láìsọ fún ọ. Mú fóònù rẹ, lọ sí account.microsoft.com/devices/recoverykey, fi ímeèlì kan náà wọlé, wàá bá a níbẹ̀. Tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, ọwọ́ àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà níbẹ̀ ló máa wà. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ọmọ ṣọ́ọ̀bù tí o ti rà á ló fi ímeèlì tirẹ̀ ṣí i fún ọ, bóyá ní Computer Village n'Íkẹjà tàbí níbòmíràn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ wà. Bí nọ́ńbà náà bá sọnù, Microsoft pàápàá ò lè bá ọ ṣí i.

Ká ní gbogbo èyí kò ṣiṣẹ́. Ó kù díẹ̀ kó tó kan fọ́máàtì, nítorí o ṣì lè fi ọwọ́ ara rẹ kó fáìlì rẹ jáde láìsí pé Windows tàn. Kọ́kọ́ ki fláàṣì tàbí hard disk àfikún bọ̀ ọ́. Nínú Advanced options yẹn náà, tẹ Command Prompt. Ojú dúdú ni, má jẹ́ kó dẹ́rù bà ọ́. Kọ notepad síbẹ̀, kí o tẹ Enter. Notepad tí a máa ń fi kọ nǹkan ráńpẹ́ ló máa jáde. Tẹ File, tẹ Open. Níbi tí wọ́n kọ Text Documents sí nísàlẹ̀, yí i sí All Files, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn fáìlì rẹ á fara pamọ́ fún ọ. Wá bọ́ sí This PC. Má bẹ̀rù tí ohun tí o mọ̀ sí C bá ń jẹ́ D tàbí E níbẹ̀, orúkọ máa ń yí padà. Ṣí i, wá Users, wá orúkọ rẹ. Fi ọwọ́ ọ̀tún mouse tẹ Documents, mú Copy, lọ sórí fláàṣì rẹ, mú Paste. Kò ní fi bí iṣẹ́ ṣe ń lọ sí hàn ọ́ o. Á kàn dákẹ́ gbáà, wàá rò pé ó ti gan. Fi í sílẹ̀ títí á fi tún gbọ́ ọwọ́ rẹ. Máa kó o níkọ̀ọ̀kan, má kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Má gbàgbé Desktop, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ obìnrin tí mo mọ̀ ń kó gbogbo ayé wọn sí, má sì gbàgbé Downloads.

Ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ ni ọ̀nà yìí lè dí mọ́. Update Windows 11 ti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 mú kí kíbọ́ọ̀dù àti mouse tí a ń fi okùn USB lò má ṣiṣẹ́ mọ́ nínú ibi ìtúnṣe yìí gan-an. Ọjọ́ 20 oṣù náà ni Microsoft gbé àtúnṣe rẹ̀ jáde. Bírú rẹ̀ bá kàn ọ́, ya kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn lò, kí o fi Media Creation Tool láti ọ̀dọ̀ Microsoft gbé Windows sórí fláàṣì tí kò kéré sí 8GB, kí o sì fi fláàṣì náà tan tìrẹ. Fláàṣì òfìfo ni kí o lò, nítorí á pa gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́. Ẹni tó ń lo Mac kò ní ìṣòro púpọ̀: inú Recovery, Reinstall macOS kì í pa ìwé rẹ rẹ́.

Tó bá wá di dandan kí o gbé e lọ bá ẹnjiníà, tẹ́tí sí èyí, ọ̀rọ̀ àwa obìnrin ni. Jókòó tì í. Sọ fún un kó tó fọwọ́ kan bọ́tìnnì pé kó kó fáìlì rẹ jáde ná, kó sì jẹ́ kí o fojú ara rẹ rí wọn lórí hard disk tí o gbé wá. Tó bá ní kí o fi í sílẹ̀ di ọ̀la, béèrè ìdí. Àwòrán rẹ wà nínú ẹ̀rọ yẹn, ìwé báńkì rẹ wà níbẹ̀, Chrome sì ti há gbogbo password rẹ sórí. Kò sí ìdí kankan tí ẹni tó ń tún Windows ṣe fi nílò password ímeèlì rẹ. Bó bá fi lè gbé e lọ sílé, fi fóònù rẹ yọ ẹ̀rọ náà kúrò nínú àkáǹtì Google rẹ kó tó dé ilé, kí o sì yí password báńkì padà. N kò ní olè ni. Olóòótọ́ pọ̀ nínú wọn, mo sì mọ̀ wọ́n. Àmọ́ n kò ní kọ́ ọ pé kí o fi ìhòòhò rẹ dán ẹnikẹ́ni wò.

Ìgbà tí fáìlì bá ti bọ́ sọ́wọ́ rẹ ni Reset this PC, tó wà nínú Troubleshoot yẹn náà, tó kàn. Mú Keep my files, má ṣe mú Remove everything. Àwọn ohun èlò bíi CorelDraw àti Word á lọ, wàá tún wọn gbé sórí rẹ̀. Ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ á mọ̀ pé ayédèrú Office ni wọ́n ti ń lò láti ọjọ́ yìí.

Tó bá ti tàn, lọ sí Settings, sí Windows Update, kí o tẹ Pause. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni o lè sún un dé. Tí o kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, update tí o yọ yẹn gan-an á tún padà wọlé lóru. Àmọ́ má ṣe sọ pé o kò ní gba update mọ́ láéláé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dí ihò tí àwọn ọmọ Yahoo ń gbà wọlé, ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 sì ni Microsoft dẹ́kun ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún Windows 10. Máa gba update lọ́jọ́ tí iná bá wà tí iṣẹ́ ò kán ọ lójú. Má ṣe gbà á lálẹ́ tí oníbàárà ń retí ìwé láàárọ̀.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí o ṣe kí o tó sùn lálẹ́ òní, nígbà tí láptọ́ọ̀pù rẹ ṣì ń tàn. Wọ ojú ìwé Microsoft tí mo dárúkọ yẹn, wá nọ́ńbà 48 náà, kí o fi bírò kọ ọ́ sínú ìwé. Jọ̀ọ́, má fi pamọ́ sórí láptọ́ọ̀pù náà.