Kí Ni Orúkọ Ìyá Àgbà?

Nígbà tí àwọn ọmọ wa gba iṣẹ́ wálé láti ilé-ìwé pé kí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó bí wọn sílẹ̀ dé ìran kẹrin, àwa òbí ni ìdánwò náà bá. A rántí àwọn bàbá. Nígbà tó kan ìyá tó bí ìyá wa, "Ìyá Àgbà" nìkan ni a mọ̀.

Ọmọ kì í pe àgbà lórúkọ, ìyàwó ilé tó bá sì ti bímọ, Ìyá Lágbájá ló dà. Nítorí náà, tí ẹ bá pe àwọn àgbà nílé, ẹ má ṣe dúró lórí "Kí lorúkọ wọn?" Ẹ bèèrè ohun tí bàbá wọn ń pè wọ́n: ṣé Àṣàkẹ́ ni, àbí Àbẹ̀kẹ́? Lẹ́yìn náà, ẹ bèèrè bí wọ́n ṣe ń kì wọ́n. Obìnrin kì í fi oríkì orílẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ọkọ. Bí wọ́n bá ń kì í ní ọmọ Oníkòyí, ìdílé jagunjagun ni wọ́n ti bí i, ibi yòówù tí ì báà fẹ́ ọkọ sí. Ẹ ti rí ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀ nìyẹn.

Ọjọ́ orí ló ṣòro jù. Bí wọ́n bá kọ 110 sínú ìwé ètò ìsìnkú, ẹ rọra gbà á gbọ́ o! Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Tó bá jẹ́ Abẹ́òkúta ni, ṣé wọ́n ti wà nílé ọkọ nígbà Ogun Àdùbí ní 1918? Ṣé àbígbẹ̀yìn wọn ti tó ilé-ìwé lọ nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1955?

Ẹ ní kí wọ́n wo ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ pẹ̀lú. Àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ń san owó orí lórúkọ ara wọn kí ìjà tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣíwájú rẹ̀ ní 1947 sí 1948 tó dá a dúró. Rìsíìtì kékeré bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ìwé kan ṣoṣo tí wọ́n kọ orúkọ ìyá tí kò kàwé sí. Ìwé ìrìbọmi ṣọ́ọ̀ṣì tún ńkọ́? Ibẹ̀, Àṣàkẹ́ tí à ń wá lè ti di Rúùtù.

Àwa náà pe àbúrò ìyá wa, tí wọ́n ti lé ní 90 ọdún. Wọ́n ti gbàgbé orúkọ ìyá wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ní kí wọ́n bá wa kì í, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọn kò kọsẹ̀ rárá, orúkọ abúlé kan tí a kò gbọ́ rí sì wà nínú rẹ̀. A bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún un kì. Wọ́n ní ó ti rẹ àwọn, kí a pe àwọn ní Sátidé. A ó fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀.