Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Òjò Dá, Afẹ́fẹ́ Kò Gbẹ

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Òṣòdì, Máfolúkù, Ṣógúnlẹ̀, Ìsọlọ̀, Òkóta àti Èjìgbò, a kò ní fi àkókò ṣòfò lórí bí òjò ṣe ń rọ̀ ní Èkó. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ sì mọ̀ pé bí oṣù Keje bá ti ń lọ sópin, òjò á dáwọ́ dúró díẹ̀ títí oṣù Kẹsàn-án yóò fi wọlé. Ojú ọ̀run á ṣú, òtútù á máa mú láàárọ̀, oòrùn á máa yọjú fìrí, síbẹ̀ òjò ńlá kò ní rọ̀. Ìgbà yìí ni gbogbo Èkó ń pè ní ọ́gọ́ọ̀sì bíréèkì. Àwọn tó ń ṣègbéyàwó, àwọn tó ń sin òkú àgbà, gbogbo wọn ló ń du Sátidé inú oṣù Kẹjọ, nítorí kánópì kò ní jò sórí àlejò.

Níbi tí kánópì bá wà, alásè wà níbẹ̀. Níbi tí alásè bá wà, ọ̀bẹ wà níbẹ̀. Ẹ lọ sẹ́yìn kánópì níbi tí wọ́n ti ń gé àlùbọ́sà, tí alápatà ń kun ewúrẹ́ àsun, ẹ óò gbọ́ ọ̀rọ̀ irinṣẹ́. Ẹnì kan á ní ọ̀bẹ tí alágbẹ̀dẹ fi sípíríǹgì ọkọ̀ rọ ni baba ọ̀bẹ, pé bí a bá pọ́n ọn dáadáa, kò sí èyí tó lè bá a dù ú. Ẹlòmíì á ní òun kò lè fi sitéńlẹ́ẹ̀sì òun pààrọ̀ rẹ̀ láé. Alápatà á fa ọ̀bẹ tirẹ̀ lára irin gbọọrọ, á fi àtàǹpàkò tọ́ ojú rẹ̀ wò. Wọn á fa ọ̀rọ̀ òkúta ìpọ́n, fáìlì, èèkù igi àti èèkù rọ́bà títí ìkòkò yóò fi hó. Ọ̀rọ̀ náà dùn, ọgbọ́n iṣẹ́ sì pọ̀ nínú rẹ̀.

Ibẹ̀ náà ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Alásè kan á tú ọ̀bẹ rẹ̀ kúrò nínú ọ̀rá tó fi wé e láti Sátidé tó kọjá. Á fi kan tòmátì, ọ̀bẹ á tẹ tòmátì náà fọ́. Á wo ojú ọ̀bẹ, á rí àmì pupa kéékèèké. Lójú ẹsẹ̀, á kọjú sí ọmọ tó ń bá a ṣiṣẹ́: “Ìwọ lo mú ọ̀bẹ mi lò! Kí lo fi gé?” Ọmọ á ní, “Mi ò fọwọ́ kàn án rárá, mà.” Kò sẹ́ni tó máa gbà á gbọ́. Wọ́n gbà pé ọ̀bẹ tí ẹnikẹ́ni kò lò kò lè kújú.

Wọ́n ṣì í. Ọ̀bẹ tí ẹnikẹ́ni kò lò lè kújú. Ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i: ọ̀bẹ tí ẹnikẹ́ni kò lò lè kújú. Afẹ́fẹ́ oṣù Kẹjọ lè jẹ ojú rẹ̀ níbi tó wà.

Gbogbo kíláàsì tó ti ṣe ẹ̀kọ́ yìí ṣáájú yín ló kọsẹ̀ síbì kan náà. Olùkọ́ á bi wọ́n pé: òjò kò rọ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì, ṣé afẹ́fẹ́ gbẹ? Wọn á ní ó gbẹ. Òjò kò rọ̀, nítorí náà kò sí omi. Bí wọ́n ṣe ń rò ó nìyẹn, ó sì jọ òótọ́. Ṣùgbọ́n omi tó ń já bọ́ láti òkè nìkan kọ́ ni omi. Omi wà nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú, ojú wa ni kò rí i. Òjò lè dá kí omi inú afẹ́fẹ́ má dín. Òjò dá, afẹ́fẹ́ kò gbẹ.

Ẹ ra mínírà tútù kan lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri nínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ní Òṣòdì. Ẹ nu ìgò náà gbẹ. Ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ má ṣí i. Láìpẹ́, ìgò á làágùn, omi á máa ṣàn wálẹ̀ lára rẹ̀. Níbo ni omi náà ti wá? Àwọn kan á ní ó jò láti inú ìgò ni. Ẹ wo ìdérí, ó dé pa. Ẹ fi ahọ́n tọ́ omi náà wò, kò dùn. Bó bá jẹ́ pé inú ìgò ló ti jáde, ì bá dùn. Inú afẹ́fẹ́ ló ti wá. Ara ìgò tutù, afẹ́fẹ́ tó kàn án tutù pẹ̀lú, omi tó wà nínú afẹ́fẹ́ sì di ẹ̀kán lára ìgò.

Bó ṣe ṣe ìgò náà ló ń ṣe irin. Irin máa ń tutù lóru. Bí afẹ́fẹ́ tó kún fún ọ̀rinrin bá fẹ́ lù ú láàárọ̀, omi tín-ín-tín á bò ó. Ó lè kéré débi pé ojú kò ní rí i, ọwọ́ kò sì ní mọ̀ ọ́n. Irin mọ̀ ọ́n.

Ẹ tún wo iyọ̀ inú agolo yín nínú oṣù Kẹjọ, bó ṣe ń ṣomi tó sì ń dì. Ẹ wo aṣọ tí ẹ sá sẹ́yìnkùlé, bó ṣe ń lo ọjọ́ méjì kó tó gbẹ, tí yóò tún máa rùn. Nígbà ọyẹ́, aṣọ kan náà á gbẹ kí ẹ tó jẹun ọ̀sán tán, ètè á sì máa là, nítorí láti apá aṣálẹ̀ Sàhárà ni afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ti ń wá. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbẹ. Ti oṣù Kẹjọ kò gbẹ.

Kí ló wá dá òjò dúró? Ní oṣù Kẹjọ, òjò ti rìn jìnnà lọ sí àríwá. Ìgbà náà gan-an ló ń pọ̀ jù ní Kánò àti Màídúgùrì. Òkun tó wà níwájú wa sì máa ń tutù lákòókò yìí, afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ kì í gbóná tó láti gòkè lọ di àwọsánmà òjò ńlá. Àkọsílẹ̀ ojú ọjọ́ Èkó láti 1961 sí 1990 fi hàn pé òjò oṣù Kẹfà ń lé ní 300 mìlímítà, ti oṣù Kẹjọ sì jẹ́ nǹkan bí 120. Ṣùgbọ́n láti orí òkun náà ni afẹ́fẹ́ ṣì ń fẹ́ wá bá wa, tọ̀sán-tòru, ó sì ń ru omi bọ̀. Bí a bá wọn ọ̀rinrin inú rẹ̀, ó sábà máa ń kọjá 80 nínú 100 ohun tó lè gbé. Irin kò sì nílò tó bẹ́ẹ̀. Bó bá ti kọjá nǹkan bí 60, ìpẹtà ti lè bẹ̀rẹ̀. NiMet, àjọ ìjọba tó ń rí sí ojú ọjọ́, ní ilé-ẹ̀kọ́ ní Òṣòdì wa níbí, tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn bí a ṣe ń wọn nǹkan wọ̀nyí. Ẹ̀yin tí ọmọ yín fẹ́ràn ìṣirò, ẹ sọ fún un pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà nítòsí ilé.

Irin, omi, afẹ́fẹ́: bí àwọn mẹ́ta yìí bá pàdé, ìpẹtà dé. Ojú ọ̀bẹ ló fẹ́lẹ́ jù, nítorí náà ibẹ̀ ni ìpẹtà ń kọ́kọ́ bà jẹ́. Ẹ̀yìn ọ̀bẹ nípọn, ó lè dípẹtà díẹ̀ kó má ṣe é ní nǹkan kan. Iyọ̀, oje tòmátì, oje ọsàn wẹ́wẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ ẹran máa ń mú un yára sí i.

Wàyí o, ẹ wo ọ̀rá tí alásè yẹn fi wé ọ̀bẹ. Ó rò pé òun ń dáàbò bò ó. Ọ̀rá kì í lé omi jáde, ó ń sé e mọ́ ni. Ọ̀rinrin tó wà lára ọ̀bẹ nígbà tó wé e, inú ọ̀rá náà ló bá a gbé fún ọ̀sẹ̀ kan. Àkọ̀ awọ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí a bá ti ọ̀bẹ tútù bọ̀ ọ́.

Bí ẹ bá lo ọ̀bẹ tán, ẹ fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún tojú-tẹ̀yìn, títí dé ìdí èèkù. Ẹ má sá a sóòrùn kí ẹ lọ. Oòrùn oṣù Kẹjọ kò ṣe é gbára lé. Ẹ fi òróró ẹ̀pà díẹ̀ pa á lójú, kí omi má rí irin fọwọ́ kàn. Epo ẹ́ńjìnnì kò yẹ ọ̀bẹ oúnjẹ, àdá tí ẹ fi ń gé koríko nìkan ló lè gbà á. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ọ̀bẹ kọ́ síbi tí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí i, tí ọwọ́ ọmọdé kò sì ní tó o.

Ẹ̀yin tí ẹ ní sitéńlẹ́ẹ̀sì, ẹ má yangàn jù. Ní 1913, ní ìlú Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Harry Brearley po irin mọ́ kúrómíọ̀mù, irin náà sì kọ ìpẹtà. Kúrómíọ̀mù inú irú irin bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ tó 10.5 nínú 100, ó kéré tán. Síbẹ̀, irin náà ń dípẹtà díẹ̀díẹ̀ ni, kì í ṣe pé kò lè dípẹtà rárá. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ nínú omi iyọ̀ mọ́jú, ẹ óò rí àmì lára rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó pe ọmọ ọlọ́mọ ní olè tàbí òpùrọ́, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé: ṣé mo nù ún? Ọmọ tí a bú láìṣẹ̀ kì í gbàgbé.

Ọ̀bẹ tí ìpẹtà ti jẹ kọjá àtúnṣe, ẹ má sọ ọ́ sínú gọ́tà. Ní 2016, ìjọba Èkó fagi lé ìsémọ́lé ìmọ́tótó Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù. Ṣùgbọ́n gọ́tà ṣì wà níwájú ilé wa, ọwọ́ èèyàn ló sì ń kó o. Ẹ ki abẹ àti ọ̀bẹ tó ti gbó sínú agolo, kí ẹ tẹ ẹnu agolo náà pa, kí ẹ tó fún kólẹ̀kódọ̀tí. Bí irin bá sì gé ẹnikẹ́ni, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn gba abẹ́rẹ́ ipá, ìbáà dípẹtà, ìbáà máa dán. Inú erùpẹ̀ ni kòkòrò ipá ń gbé, ojú ọgbẹ́ ló sì ń gbà wọlé.

Iṣẹ́ àṣetiléwá: ẹ wá ìṣó méjì tó ń dán. Ẹ ti méjèèjì bọ omi iyọ̀. Ẹ nu ọ̀kan gbẹ, ẹ fi òróró pa á, ẹ gbé e sórí pẹpẹ. Ẹ má nu èkejì; ẹ fi ọ̀rá wé e, ẹ so ẹnu ọ̀rá náà pa. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, ẹ kó méjèèjì wá sí kíláàsì, kí ẹ sì kọ gbólóhùn mẹ́ta nípa ohun tí ẹ rí.