Ẹ Dúró, Ẹ Wo Ẹrù

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìdí nìyí tí mo fi mú gègé láti kọ̀wé sí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wa ọkọ̀ àjàgbé fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, pàápàá jù lọ ẹ̀yin ọmọ Ìlàjẹ, ọmọ a-fomi-ṣoko, ọmọ a-fòkun-ṣọ̀dàn, tí ẹ fi àjẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ bàbá yín tí ẹ gòkè wá di awakọ̀ orí ilẹ̀. Láìpẹ́ yìí, ní etí èbúté Igbókòdá, níbi tí àwọn ìyá ẹlẹ́ja ti ń kó apẹ̀rẹ̀ wọn gòkè, mo bá àwọn gende kan tí wọ́n ń yin ẹnìkan nínú wọn, nítorí pé ó gbé kọntẹ́nà kúrò ní Àpápá, kò sì fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ títí ó fi dé Òrè. Wọ́n ní kò tilẹ̀ dúró tọ̀. Wọ́n ní irú rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ ń wá. N kò bínú sí ọmọ náà, nítorí ohun tí wọ́n bá yin ọmọdé fún ni ọmọdé í tún ṣe. Àwọn ẹnu tí ń yìn ín ni mo bínú sí, nítorí òmíràn nínú wọn ti hu irùngbọ̀n, ó sì yẹ kí ó mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n ń ki ní oríkì yẹn.

N kò ní kọ́ yín bí a ti ń yí jíà, tàbí bí a ti ń fi ọkọ̀ gígùn gba kọ́nà. Ẹni tí kò bá mọ ìyẹn kò yẹ kí ó dé ìdí ọkọ̀ rárá. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ. Lẹ́yìn tí a bá ti di ẹrù tán, tí a ti gba wébíìlì, tí a ti jáde ní géètì, tí a sì ti rìn díẹ̀, kí á dúró, kí á sọ̀kalẹ̀, kí á yí ọkọ̀ ká, kí á fi ọwọ́ kan ohun tí a dì. N kò sọ ti yíyí tí ẹ ń yí i ká nínú ọgbà ilé-iṣẹ́ kí ẹ tó gbéra, nítorí gbogbo yín ni ẹ ń ṣe ìyẹn, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ pé ọ̀gá ń wò yín láti ojú fèrèsé. Èkejì ni mo ń sọ, èyí tí ojú ẹnikẹ́ni kò tó.

Ẹrù tí ó ti rìn kì í ṣe ẹrù tí a dì mọ́. Àpò sìmẹ́ǹtì a máa jókòó wọ ara wọn. Pákó tútù tí a kó ní agbègbè Òkìtìpupa a máa yọ̀ lórí ara wọn nígbà tí ọkọ̀ bá ti ṣubú sí kòtò méjì mẹ́ta. Apẹ̀rẹ̀ edé a máa rọ̀ wálẹ̀. Okùn tí ó le gbandi ní àárọ̀ a sì di èyí tí ọmọ ọwọ́ lè fà. Nọ́ọ̀tì táyà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ a máa tú díẹ̀ lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́, àfi bí a bá tún un fún. Táyà ẹ̀yìn kan lè ti sọ ẹ̀mí nù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì rẹ̀, kí awakọ̀ tí ó wà lókè má sì mọ̀ títí iná yóò fi ràn mọ́ ọn. Bí ẹ bá gbé ẹ̀yìn ọwọ́ súnmọ́ àárín wílì, ọ̀kan lè gbóná ju àwọn yòókù lọ. Bíréèkì rẹ̀ ni ó ń há, ó sì ń sọ fún yín níbẹ̀ ohun tí ì bá pariwo rẹ̀ fún gbogbo ayé ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ń bẹ níwájú.

Ìlàjẹ ni wá, ohun àjèjì kọ́ ni èyí yẹ kí ó jẹ́ sí wa. Ẹ rántí bí bàbá yín ti ń gbé ọkọ̀ ojú omi kúrò ní Ùgbò tàbí ní Ayétòrò pẹ̀lú ẹrù àti ènìyàn: lẹ́yìn tí ó bá ti wa ọkọ̀ kúrò létí, á gbé àjẹ̀ sókè, á dákẹ́, á wo bí omi ti mu ọkọ̀ sí lápá ọ̀tún àti lápá òsì, á sì ní kí ìyá kan sún sẹ́yìn, kí wọ́n gbé àpò gàrí kan wá sí àárín. Kò sí ẹni tí í pe ìyẹn ní ìfàkókò ṣòfò, nítorí pé gbogbo ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ ni omi yóò gbé. Ilẹ̀ ni ó tan yín jẹ. Ẹ rò pé ilẹ̀ kì í gbé ènìyàn lọ.

Bí ẹ bá sì rò pé ọgbọ́n àtijọ́ ará abúlé ni mo ń sọ, ẹ jẹ́ kí n rán yín lọ sí Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀nà wọn ti tẹ́jú ju tiwa lọ: òfin ìjọba àpapọ̀ ibẹ̀ pọn ọ́n ní dandan kí awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù tún ẹrù rẹ̀ wò kí ó tó rin máìlì 50 àkọ́kọ́, kí ó sì tún máa wò ó ní wákàtí 3 tàbí máìlì 150 sí ara wọn, èyí tí ó bá kọ́kọ́ pé.

Ará Ìkálẹ̀ ni ọ̀gá tí ó kọ́ mi níṣẹ́, ènìyàn kúkúrú, ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, Bedford aláraapákó ni ó ń wà, irú èyí tí à ń pè ní bọ́lẹ̀kájà. Mọ́tọ̀ bọ́ì rẹ̀ ni mo jẹ́ ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972, Ọjọ́ Àìkú Àjíǹde, tí ìjọba pàṣẹ kí gbogbo ọkọ̀ Nàìjíríà kúrò ní ọwọ́ òsì ọ̀nà kí wọ́n bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Àga awakọ̀ ọkọ̀ wa kò sì kúrò ní apá ọ̀tún tí òyìnbó ṣe é sí; nítorí náà, nígbà tí a bọ́ sí apá ọ̀tún ọ̀nà, etí igbó ni ọ̀gá mi ń wò, èmi tí mo so rọ̀ ní apá òsì ni mo sì di ojú tí ó fi ń rí ọkọ̀ tí ń bọ̀. "Ṣé ọ̀nà dá?" ni yóò bèèrè. Bí mo bá ní ó dá, á yà kọjá. Ẹ̀mí gbogbo èrò inú ọkọ̀ wà lórí ahọ́n ọmọdékùnrin kan! Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ wíwò ni iṣẹ́ ọkọ̀, kí ó tó di iṣẹ́ wíwà.

Bí a bá ti kúrò ní Igbókòdá, kí a tó wọ Òkìtìpupa, ọ̀gá mi á yà sí ẹ̀bá ọ̀nà, á sì ní kí n fi wẹ́ẹ̀jì há táyà. Á bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ẹ̀rọ, á gba apá òsì dé ẹ̀yìn, á gba apá ọ̀tún bọ̀, á máa fi irin kan lu táyà kọ̀ọ̀kan, á máa tẹ́tí, á sì fa gbogbo okùn. Àwọn ìyá ẹlẹ́ja á máa kùn lókè pé ọjà ń tú. Ní ọjọ́ kan tí ọ̀rọ̀ wọn pọ̀ jù, ó gbójú sókè, ó ní: "Ẹ̀yin ìyá, ọjà Òrè kò sá lọ níbì kan, ṣùgbọ́n apẹ̀rẹ̀ yín ti ń palẹ̀ mọ́." Okùn tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà ti dẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí apá mi wọ abẹ́ rẹ̀ dé ìgúnpá. Wọ́n rí i, wọ́n pa ẹnu mọ́, èmi náà sì gun òkè lọ tún un dì. Ọ̀gá náà darúgbó lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ fún ọmọ rẹ̀, orí ibùsùn rẹ̀ ni ó sì kú sí. Mélòó nínú awakọ̀ ìgbà náà ni a lè sọ bẹ́ẹ̀ fún?

Èmi náà ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ ńlá fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí náà mo mọ ohun tí ń lé yín. Mo mọ ẹ̀rọ tírákà tí ń ka ìdúró yín sí yín lọ́rùn, mo mọ owó ojú ọ̀nà tí a fún yín ní ìwọ̀n tí kò tó, mo mọ epo dísù tí a wọ̀n títí ó fi kù díẹ̀ kí a fi ṣíbí wọ̀n ọ́n, mo sì mọ oorun abẹ́ tírélà nínú ìlà Àpápá. Ọkọ̀ kì í ṣe tiyín, ẹrù kì í ṣe tiyín. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ọkọ̀ ni ọ̀gá fi mọ̀ yín, kì í ṣe orúkọ tí bàbá yín sọ yín. Ṣùgbọ́n bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ náà sì tún ń pọ̀ sí i: ní ọdún 2025 ni ilé ìfọpo Dangote tí ó wà ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kí, ní etí òkun kan náà tí ó bá tiwa lọ, kéde ọkọ̀ 4,000 tí ń lo gáàsì láti máa pín epo káàkiri. Ẹ wo iye ọ̀dọ́ tí yóò gun irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Epo bẹntiróòlù kì í sì í ṣe edé. Bí ó bá dà, kò sí ẹni tí yóò ṣà á.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, kọntẹ́nà kan já láti orí afárá Ojúẹlẹ́gba ní Èkó, ó wó lu ọkọ̀ tí ó wà nísàlẹ̀, ènìyàn mẹ́ta kú. A sọkún, a gbàgbé. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, ní Ojúẹlẹ́gba kan náà, òmíràn wó lu bọ́ọ̀sì akérò, ènìyàn mẹ́sàn-án kú, ọmọdé sì wà nínú wọn. Lọ́ọ̀kì mẹ́rin ni wọ́n rọ pé kí ó di igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọntẹ́nà mú mọ́ ọkọ̀. Mo ti fi etí ara mi gbọ́ lẹ́nu awakọ̀ pé òun kì í ti lọ́ọ̀kì náà pa, kí kọntẹ́nà lè dá ṣubú bí ọkọ̀ bá fẹ́ dojú dé, kí orí ọkọ̀ má baà bá a lọ. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ burúkú! Ẹnìkan jókòó, ó ṣírò ẹni tí ẹrù òun yóò pa, ó sì rí i pé kò kan òun. Ògún Lákáayé, tí gbogbo onírin ń fi orúkọ rẹ̀ búra, kò rán ẹnikẹ́ni ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ óò ní ẹ̀rù olè ń bà yín ní ọ̀nà Òrè. Òótọ́ ni, kò sí ẹni tí ó ní kí ẹ dúró nínú igbó lóru. Ẹni tí ó ń bọ̀ láti Àpápá, kí ó dúró ní ilé epo tí iná wà kí ó tó kọjá Ṣàgámù. Ẹni tí ó ń lọ láti Igbókòdá, Òkìtìpupa wà níbẹ̀, ènìyàn sì pọ̀ níbẹ̀. Ẹ yà kúrò lójú ọ̀nà pátápátá, ẹ gbé àmì ìkìlọ̀ sẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ má sì ṣe rán mọ́tọ̀ bọ́ì nìkan, nítorí mọ́tọ̀ bọ́ì ayé ìsinsìnyí, orí fóònù ni ojú rẹ̀ wà. Yóò yí ọkọ̀ ká tán láìrí táyà kan.

Bí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ bá bi yín ní ìdí tí ọkọ̀ fi dúró, ẹ sọ fún un láìgbọ̀n pé ẹrù ni ẹ ń wò. Bí ó bá gbọ́, tí ó ní kí ẹ má ṣe é mọ́, ẹ fún un ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, kí ẹ sì wá iṣẹ́ lọ síbòmíràn.