Lẹ́yìn Ogójì Ọjọ́

Bí ọkọ bá kú, ilé máa ń kún. Ará ilé ọkọ á dé, ará ilé ìyàwó náà á dé. Ẹgbẹ́ ìjọ, ẹgbẹ́ àsàlátù àti ẹgbẹ́ ọjà á wá kí opó. Ẹnì kan á gbé ìrẹsì wá, ẹlòmíràn á bá a dáná, àwọn kan á sùn tì í. Wọ́n á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, a ò ní fi yín sílẹ̀." Òótọ́ inú wọn ni wọ́n ń sọ.

Àmọ́ bí wọ́n bá ti ṣe ogójì ọjọ́ tán, ẹsẹ̀ á dá. Opó Mùsùlùmí kò tíì jáde opó nígbà náà, nítorí oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni tirẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni owó ilé-ìwé máa ń délẹ̀. Ara ọmọ á gbóná lóru, kò ní sí ẹni tó máa bá a gbé e lọ sí ọsibítù.

Kí ló dé tí wọn ò wá mọ́? Kì í ṣe ìkà ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀rẹ́ ọkọ ń bẹ̀rù kí aráyé má baà ní ó ń fẹ́ opó. Ọ̀rẹ́ obìnrin mìíràn kò fẹ́ kí opó sún mọ́ ọkọ òun. Ní ilé ọkọ, ogún ló sábà máa ń da nǹkan rú. Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń ṣú opó fún àbúrò ọkọ. Àṣà yẹn nira fún ọ̀pọ̀ obìnrin, ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tó gbọ́dọ̀ bọ́ opó àtàwọn ọmọ. Àṣà náà ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ báyìí, a ò sì fi nǹkan kan rọ́pò rẹ̀. Àwọn ẹbí kan tilẹ̀ ń lé opó jáde nílé. Ìwà burúkú ni! Lọ́dún 2014, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà gbè sẹ́yìn opó kan ní Ìpínlẹ̀ Anambra, tí wọ́n fẹ́ lé jáde nítorí pé kò bí ọmọkùnrin.

Ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ kú ńkọ́? Ìyàwó ló sábà máa ń kí ẹbí, tó ń mọ ọjọ́ ìkómọ àti ìgbéyàwó. Bó bá kú, okùn yẹn máa ń já. Wọ́n á kàn sọ fún ọkùnrin náà pé kó tètè fẹ́ ẹlòmíràn.

Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wà nítòsí yín, ẹ fi àmì sí oṣù kẹta àti oṣù kẹfà lẹ́yìn ikú náà lórí kàlẹ́ńdà yín. Ẹ má bi í pé, "Kí lẹ fẹ́?" Ìtìjú ò ní jẹ́ kó sọ. Ẹ ní, "Mò ń bọ̀ ní Sátidé, mo fẹ́ bá yín tún òrùlé tó ń jò ṣe." Kí ẹ sì rí i pé ẹ lọ.