Ẹ Yí Búróòṣì Náà Padà Kí Ẹ Tó Sanwó

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ń rí yín lóde àríyá. Mo ń rí búróòṣì olókùúta tí àwọn obìnrin há mọ́ àyà léèsì, mo ń rí pín-ìnnì tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn ọkùnrin fi sí etí kóòtù. Ó wù mí púpọ̀. Nígbà tí mo wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí mo máa ń lọ wo àwọn ìsọ̀ Portobello Road láràárọ̀ Sátidé, àwọn ẹgbẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹrù òkú òyìnbó ni mò ń rà. Lónìí, ọmọ ọdún 25 ló ń rà á lórí fóònù láàrin òru, kí ilẹ̀ tó mọ́ owó ti kúrò ní báńkì. Ohun tó ń kọ mí lóminú nìyẹn. Fọ́tò tí wọ́n fi ń polówó fún yín, iwájú nìkan ló máa ń hàn níbẹ̀: òkúta ń tàn, góòlù ń dán, ọkàn yín ti fà sí i. Ẹ̀yìn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí kò bá fẹ́ fi ẹ̀yìn búróòṣì hàn yín, ẹ kí i pé ó dàárọ̀.

Kí ni ẹ fẹ́ wá lọ sẹ́yìn? Ẹ kọ́kọ́ wo abẹ́rẹ́ àti ìkọ́ tó gbà á mú. Búróòṣì tí wọ́n ṣe láyé Ọbabìnrin Victoria ti Bìrìtéènì, ìkọ́ rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ wáyà kékeré kan tí wọ́n tẹ̀ po; abẹ́rẹ́ kàn ń há sábẹ́ rẹ̀ ni, kò sí ohun tó tì í. Abẹ́rẹ́ ọ̀hún tún máa ń gùn kọjá etí búróòṣì fúnra rẹ̀, torí pé aṣọ ìgbà yẹn nípọn, wọ́n á sì gún ṣóńṣó rẹ̀ padà sínú aṣọ kó má baà já bọ́. Ìkọ́ tó ń yí po tó sì ń ti ara rẹ̀ pa, ọ̀rúndún 20 ló tàn kálẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá búra fún yín pé láti 1860 ni búróòṣì òun ti wà, tí ẹ sì bá irú ìkọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ béèrè ẹni tó pààrọ̀ rẹ̀. Bí ó bá ní kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án rí, irọ́ ló ń pa tàbí kò mọ ohun tó ń tà. Àtúnṣe kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àmọ́ ó yẹ kí owó ohun tí wọ́n tún ṣe wálẹ̀, pàápàá bí ẹ bá rí òjé tó ṣú dúdú níbi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀, torí pé òjé máa ń jẹ góòlù bí wọ́n bá tún fi iná sí i lọ́jọ́ iwájú.

Lẹ́yìn náà, òǹtẹ̀. Ní Bìrìtéènì, ilé ìdánwò wúrà ń lu òǹtẹ̀ tí èèyàn lè kà: ìdákọ̀ró ni ti Birmingham, orí àmọ̀tẹ́kùn ni ti Lọ́ńdọ̀nù, ilé olódi ni ti Edinburgh, lẹ́tà kan sì sábà máa ń wà tó ń sọ ọdún. 375 ni káráàtì 9, 750 ni káráàtì 18: iye wúrà tó wà nínú 1,000 ni wọ́n ń kà. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni 15. Ní 1854 ni òfin wọn fàyè gba káráàtì 15, 12 àti 9. Ní 1932 wọ́n fagi lé 15 àti 12, wọ́n fi 14 rọ́pò wọn. Búróòṣì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ bá bá 15ct lẹ́yìn rẹ̀, àfi bí wọ́n bá yí òǹtẹ̀, láàrin ọdún méjèèjì yẹn ni wọ́n ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ má ju èyí tí kò ní òǹtẹ̀ nù o. Púpọ̀ nínú àwọn búróòṣì kékeré ayé Victoria ni kò rí ilé ìdánwò rí. Ẹ gbé e lọ fún oníwúrà tó mọṣẹ́, kó bá yín dán an wò.

Ní ti òkúta, ẹ ra awò kékeré tí àwọn oníwúrà ń fi sójú, èyí tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10. Kò wọ́n. Ní 1902, Auguste Verneuil, onímọ̀ kẹ́míkà ará Faransé, kéde ọ̀nà tí wọ́n fi lè yọ́ lẹ́búlẹ́bú nínú ọwọ́ iná kó di rúbì. Kì í ṣe gíláàsì o. Ohun kan náà tó para pọ̀ di rúbì inú ilẹ̀ ló para pọ̀ di òun náà, ó sì le bákan náà. Lábẹ́ awò, ìlà tó tẹ̀ kọrọdọ ló ń hàn nínú ti Verneuil, ti inú ilẹ̀ sì máa ń ní ìlà tó gún àti ìdọ̀tí wínníwínní tirẹ̀. Ibi tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ ti máa ń gbé e gba ibi tí kò yẹ nìyí: ẹ ó rí rúbì Verneuil nínú búróòṣì 1925, ẹ ó figbe olè ta. Kì í ṣe olè. Wọ́n lò ó púpọ̀ nígbà náà, ó ṣeé ṣe kó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Búróòṣì 1880 tó bá ní in lára ni kí ẹ bi léèrè ọ̀rọ̀, torí pé wọ́n ti yọ òkúta rẹ̀ tàbí kí ó má tilẹ̀ dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó gbọ́n féfé ju ìyẹn lọ ni gíláàsì aláwọ̀ tí wọ́n yọ́ òkúta garnet fẹ́lẹ́ kan mọ́ lórí, tí wọ́n ń tà bí ojúlówó òkúta. Ẹ dojú rẹ̀ dé orí bébà funfun, ẹ ó rí òrùka pupa tó yí i ká.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí búróòṣì ọ̀fọ̀. Nígbà tí Albert, ọkọ Ọbabìnrin Victoria, kú ní oṣù Kejìlá 1861, obìnrin náà wọ dúdú títí òun náà fi kú ní 1901, dúdú sì di òwò ńlá. Ní ìlú Whitby, létí òkun àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń wa jet, igi àtayébáyé tó ti di òkúta dúdú nínú ilẹ̀, wọ́n sì ń gbẹ́ ẹ ní òdòdó, ní àwòrán ọwọ́, ní àgbélébùú. Jet fúyẹ́, kì í sì í tutù lára. Gíláàsì dúdú tí wọ́n ń pè ní jet ti Faransé wúwo, á sì tutù bí ẹ bá fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí wọ́n bá fa jet gidi lórí ẹ̀yìn táìlì tí kò dán, ìlà tó máa fi sílẹ̀ á pọ́n bí ilẹ̀, kò ní dúdú. (Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ọlọ́jà kí ẹ tó fa ohunkóhun lórí táìlì.)

Ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi tí kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Góòlù ni, wọ́n fi dúdú dídán yí etí rẹ̀ ká, wọ́n to péálì wínníwínní sí i tó dúró fún omijé, gíláàsì kékeré kan sì wà láàrin. Irun èèyàn ló wà lábẹ́ gíláàsì yẹn, irun ẹni méjì, ọ̀kan pupa rúsúrúsú, ọ̀kan funfun, wọ́n wá hun ún pọ̀. Lẹ́yìn, wọ́n fín orúkọ obìnrin kan sí i, àti ọjọ́ tó kú ní 1868. Mo mọ̀ pé ara àwọn kan nínú yín á bù máṣọ. Ìyàwó àbúrò mi kò jẹ́ kí n gbé e wọ ilé òun títí di òní. Ẹni tí kò bá lè sùn sí yàrá kan náà pẹ̀lú rẹ̀, kó má rà á. Búróòṣì mìíràn pọ̀ lọ́jà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rà á, ẹ má ṣe yọ irun náà kí ẹ fi fọ́tò ara yín rọ́pò. Mo ti rí ẹni tó ṣe é, tó sì ń yangàn. Ohun tó ní orúkọ ló sọ di góòlù bíńtín lásán.

Ẹ má sì jẹ́ kí iye owó nìkan máa darí yín. Madeleine Albright, obìnrin àkọ́kọ́ tó di mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní Amẹ́ríkà, kó pín-ìnnì jọ ju ọ̀pọ̀ ọba lọ, bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn kò wọ́n rárá. Ní 1994, nígbà tó jẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ìwé ìròyìn ìjọba Saddam Hussein ti Iraq pè é ní ejò. Nígbà tí ọ̀rọ̀ Iraq tún délẹ̀ ní ìpàdé, pín-ìnnì ejò góòlù ló há mọ́ àyà. Láti ìgbà náà ni àwọn oníròyìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo àyà rẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́ ẹnu rẹ̀, òun náà sì kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 2009, Read My Pins. Àwa tí àwọn baba wa ń fi owó ẹyọ àti ìyẹ́ ránṣẹ́ àrokò, ó yẹ kí irú èyí tètè yé wa.

Ti òde òní náà ṣeé kó jọ, kì í ṣe ti àtijọ́ nìkan. Ní 1966, Andrew Grima jẹ́ oníṣẹ́ ọnà tó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, iṣẹ́ rẹ̀ ṣàjèjì lójú àwọn tó fẹ́ràn àtijọ́. Lọ́dún yẹn, Philip fún ìyàwó rẹ̀, Ọbabìnrin Elizabeth Kejì, ní búróòṣì góòlù tí Grima ṣe, tó ní rúbì gbígbẹ́ àti dáyámọ́ǹdì. Ní 2017, nígbà tí wọ́n ya fọ́tò àádọ́rin ọdún ìgbéyàwó wọn, èyí ni Ọbabìnrin há mọ́ aṣọ nínú gbogbo ohun ọ̀ṣọ́ tó ní. Ẹ wá ẹni tó wà láàyè tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ jẹ́ kó kọ orúkọ rẹ̀ sí i, ẹ tọ́jú ìwé tó bá fún yín.

Ọ̀rọ̀ owó. Owó tí ẹ rí lára ọjà nínú fèrèsé ìsọ̀, kì í ṣe iye tí ọlọ́jà máa san bí ẹ bá gbé e padà fún un lọ́la. Èrè rẹ̀, owó ìsọ̀ àti owó orí ti wà nínú rẹ̀. Iye tí wọ́n kọ sínú ìwé ìbánigbófò tún máa ń ga ju èyí tí ẹ lè rí gbà lọ. Níbi gbàǹjo, ẹni tó borí ṣì máa san àfikún fún ilé gbàǹjo, ó sì lè ju 20 nínú 100 lọ. Ẹ kà á mọ́ ọn kí ẹ tó nawọ́ sókè. Ẹni tó bá sọ fún yín pé búróòṣì ju ilẹ̀ lọ, ẹ béèrè ilẹ̀ tó ti rà. Owó èésú, owó ilé ìwé ọmọ, owó tí ẹ yá, kò gbọdọ̀ wọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ gba rìsíìtì pẹ̀lú. Òfin àtijọ́ kan wà tí wọ́n ń lò ní ọjà Bermondsey ní Lọ́ńdọ̀nù, pé ẹni tó bá fi òtítọ́ inú ra ọjà láàrin yíyọ oòrùn àti wíwọ̀ rẹ̀, tirẹ̀ ni, bí wọ́n tilẹ̀ jí i. Òfin tó jáde ní 1994 ló fòpin sí i. Bí ẹ bá ra ẹrù olè báyìí, olówó rẹ̀ lè wá gbà á. Eyín erin, ẹ yàgò fún un pátápátá: láti oṣù Kẹfà 2022, òfin Bìrìtéènì ti ka títà rẹ̀ léèwọ̀ àyàfi ìwọ̀nba díẹ̀.

Kí ẹ tó jáde, ẹ fi lọ́fíńdà pa ara kí ẹ tó há búróòṣì, ẹ má ṣe é lẹ́yìn. Péálì àti ópàlì kò fẹ́ lọ́fíńdà, wọn kò fẹ́ ẹ̀rọ ìfọ̀ tó ń gbọ̀n, wọn kò sì fẹ́ kí dáyámọ́ǹdì máa ha wọ́n nínú àpótí kan náà. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ dí pa, tí wọ́n tẹ́ irin fẹ́lẹ́ dídán sábẹ́ òkúta, omi kò gbọdọ̀ kàn án, torí pé ó máa ṣú. Aṣọ òkè lè gbé búróòṣì wúwo. Léèsì fẹ́lẹ́ kò lè gbé e. Ẹ ṣẹ́ aṣọ kékeré po sábẹ́ rẹ̀ kí abẹ́rẹ́ má baà fà á ya. Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ ó jó, pé wọ́n ó ná yín lówó, pé gbogbo ẹbí ó dì mọ́ yín, ẹ má wọ èyí tí ìkọ́ rẹ̀ kò ní títì. Ibi tí wọ́n ti ń gbá owó nílẹ̀ ni wọ́n ti ń gbá búróòṣì pọ̀ mọ́ ọn.

Ó ku ti ilé. Ní 1998 ni wọ́n rí òkúta tourmaline pupa, tí àwọn olókùúta ń pè ní rubellite, nítòsí Ògbómọ̀ṣọ́, ọjà òkúta lágbàáyé sì gbọ́. Ní 2001, òmíràn tún jáde ní Nàìjíríà tí bàbà wà nínú rẹ̀, tó fi gba àwọ̀ búlúù tí wọ́n ti ń san owó gọbọi lé lórí ní Paraíba, ní Bùràsíìlì. Sàfáyà wà lókè Mambilla ní Ìpínlẹ̀ Taraba. Òjòó, n'Ìbàdàn, ni púpọ̀ nínú wọn ti ń kọjá, ọ̀pọ̀ jù lọ ló sì ń lọ sókè òkun láìtíì gé, tí àwa yóò tún máa lọ rà á padà nínú búróòṣì ẹlòmíràn. Ẹ̀yin tí ẹ lówó díẹ̀ lọ́wọ́, ẹ mú ẹni tó mọ òkúta dání lọ sí Òjòó, ẹ ra ẹyọ kan péré tó mọ́, ẹ gbé e fún alágbẹ̀dẹ wúrà àdúgbò yín pé kó fi ṣe búróòṣì, kí ẹ sì san owó iṣẹ́ rẹ̀ pé.