Abéèrè A Máa Ṣìnà: Ẹ̀kọ́ Kan Lórí Ọ̀nà Íntánẹ́ẹ̀tì

Inú kíláàsì ẹ̀kọ́ Kọ̀ǹpútà ni a ti mú ẹ̀kọ́ yìí wá fún ìwé àjọ̀dún wa. Àwọn ọmọ ni wọ́n bi wá pé: bí ènìyàn bá fi ìwé pamọ́ sí "cloud", ọ̀nà wo ni ìwé náà ń gbà lọ, ta ni ó sì ń júwe ọ̀nà fún un?

Cloud kò sí ní ojú sánmà. Ilé ńláńlá ni, tí a kọ́ sórí ilẹ̀, tí ó kún fún kọ̀ǹpútà, tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí i tọ̀sán tòru. Inú wáyà ni ohun tí a bá fi ránṣẹ́ ń gbà dé ibẹ̀, nígbà mìíràn ní ìsàlẹ̀ òkun.

Íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, olúkúlùkù sì ní olówó tirẹ̀ àti nọ́ńbà tí a fi mọ̀ ọ́n. 15169 ni ti Google. Kò sí ọba kan tí ó jẹ lé gbogbo wọn lórí. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé olúkúlùkù ń kéde fún aládùúgbò rẹ̀ pé, "Ẹ gba ọ̀dọ̀ mi dé ibi báyìí." Aládùúgbò náà yóò fi nọ́ńbà tirẹ̀ kún un, yóò sì kéde rẹ̀ síwájú. BGP ni wọ́n ń pe ìlànà yìí. Ní ọdún 1989 ni Yakov Rekhter àti Kirk Lougheed ya ìpilẹ̀ rẹ̀ sórí bébà ìnuwọ́ nídìí oúnjẹ ọ̀sán.

Ìlànà náà wúlò púpọ̀, nítorí ọ̀nà kan kò wọ ọjà: bí wáyà kan bá já, ìkéde mìíràn yóò rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n orí ìfọkàntánni ni a gbé e kà. Àwọn àgbà wí pé abéèrè kì í ṣìnà. Níhìn-ín, abéèrè a máa ṣìnà bí ẹni tí ó bi bá ṣì í sọ.

Èkó ni àpẹẹrẹ rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá ọdún 2018, MainOne, ilé-iṣẹ́ tí wáyà rẹ̀ gba abẹ́ òkun láti Èkó dé Pọ́túgà, ń ṣe àtúnṣe sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀. Aládùúgbò Google ni, ó sì mọ ọ̀nà tààrà dé ọ̀dọ̀ Google, fún lílo àwọn oníbàárà tirẹ̀. Àṣìṣe kan mú kí ó kéde ọ̀nà wọ̀nyí fún China Telecom. Èyí gbà á gbọ́, ó sì sọ fún àwọn ẹlòmíràn, títí dé Rọ́ṣíà. Ó dà bí ẹni pé aládùúgbò ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé fún àwọn ọmọ ilé wa láti máa gbà lọ pọn omi, tí ọmọ kan sì lọ kéde ní ọjà pé ọ̀nà gbangba ni. Púpọ̀ nínú ohun tí ó ń lọ sọ́dọ̀ Google yà sí ọ̀nà Ṣáínà, ó sì ṣègbé síbẹ̀. Ìṣẹ́jú 74 ni ó gbà kí àtúnṣe tó dé. Àwọn kan pariwo pé àwọn ọ̀tá ni. MainOne jẹ́wọ́ pé àṣìṣe ni.

Lónìí, ẹni tí ó ni àdírẹ́sì lè fi èdìdì lé e, kí ẹlòmíràn má baà pè é ní tirẹ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n ní tòótọ́, èdìdì yẹn nìkan kì bá tí dá ti ọdún 2018 dúró, nítorí orúkọ Google ni ó wà ní òpin ọ̀nà náà. Ojú ọ̀nà ni ó wọ́. Ohun tí ì bá gbà wá ni asẹ́: kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ àkọsílẹ̀ ohun tí yóò gbà lọ́wọ́ aládùúgbò kọ̀ọ̀kan àti ohun tí yóò sọ fún un, kí ó sì kọ ìyókù.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, a pín àwọn ọmọ sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì méje, a sì ní kí olúkúlùkù kọ asẹ́ tirẹ̀ sórí bébà. Ẹgbẹ́ kan gbàgbé ìlà kan ṣoṣo. Kí agogo tó lù, lẹ́tà gbogbo kíláàsì ti wà lórí tábìlì wọn.